Ẹni Kẹjọ ní Urzedo

Wọ́n ní kí n lọ ka èèyàn ní Urzedo,
lórí òkè, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Pọtogí,
níbi tó ti rẹ títì ọlọ́dà, tó jókòó,
tó ní kí òkúta máa bá mi lọ.
Jíà kìíní ni mo fi gùn ún,
mò ń bẹ ọkọ̀ bí ẹní ń bẹ àna.

Òkè lórí òkè, bí ẹní ká aṣọ sórí aṣọ:
èyí tó sún mọ́ mi tutù yọ̀yọ̀,
èyí tó tẹ̀ lé e ti mu aró,
èyí tó jìnnà jù, n ò mọ̀
bóyá òkè ni, tàbí òjò tó ń gbèrò.

Ogójì ilé. Mo kà wọ́n kí n tó kanlẹ̀kùn.
Òrùlé mẹ́rìndínlógún ti wó,
igi ọ̀pọ̀tọ́ ń yọjú láti inú yàrá
bí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ pé kó máa ṣọ́lé.
Márùn-ún péré ló ń rú èéfín.

Deolinda ló ṣílẹ̀kùn.
Kò bi mí pé ta ni mí, ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun.
Mo ní ìjọba ló rán mi.
"Ìjọba ọ̀hún ńkọ́, ṣé òun ti jẹun?"
Ó gbé búrẹ́dì lé àyà,
ó ń fi ọ̀bẹ gé e bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀.
Èmi ni mo di ojú.

Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí, Màmá?
Òun. Belmiro tó ń da ewúrẹ́.
Zulmira àti àbúrò rẹ̀,
tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti pín oko ólífì.
Ilé Amândio, baba, ìyá, àti ọmọkùnrin kan
tó ti pé àádọ́ta ọdún, tí wọ́n ṣì ń pè ní Ọmọdé.
"Àti ọkọ mi. Ó lọ kọ́lé ní Faransé."
Láti ìgbà wo?
"Ọdún kọkàndínlógójì rèé."
Bírò mi dúró.
"Kọ ọ́. Àwo rẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo ṣàlàyé òfin fún un: ẹni tó bá sùn níbí lóru òní nìkan.
Kò bá mi jiyàn. Ó mú mi lọ wo ilé ìwé,
níbi tí ìṣirò pínpín kan ṣì wà lójú pátákó
tí kò sẹ́ni tó dúró parí rẹ̀.
Ọkọ̀ oníbúrẹ́dì ń wá ní Ọjọ́rú, ó ní,
àlùfáà ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù,
ikú ò ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kùrukùru gòkè wá,
bí agbo àgùntàn tí kò ní olùdarí.
Ó gbé àfonífojì mì, ó gbé ọkọ̀ mi mì.
Belmiro tu itọ́: "Ẹni tí kò fẹ́ délé
ló ń sọ̀ kalẹ̀ nínú irú èyí."

Báyìí ni mo ṣe jẹun nínú àwo ẹlòmíì,
tí mo da aṣọ ìbora rẹ̀ bora, tó ń rùn káńfò.
Lóru, omi ń kán sínú ọpọ́n òkúta.
Zulmira wúkọ́.
Lẹ́yìn ògiri, àbúrò rẹ̀ wúkọ́ dá a lóhùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, òkè padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.
Deolinda gba bírò lọ́wọ́ mi,
ó fagi lé méje, ó kọ mẹ́jọ,
ó tẹ̀ ẹ́ títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.
"Òfin yín ni."

Ní Bragança, ọ̀gá mi wo fọ́ọ̀mù náà.
Ta ni ẹni kẹjọ yìí?
Mo ní ọkùnrin kan ni,
ó sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ náà.
Ó lù ú ní òǹtẹ̀.
Ìdajì búrẹ́dì ṣì wà nínú ọkọ̀ mi, nínú aṣọ ìnuwọ́ tí mo gbọ́dọ̀ dá padà.